Bí a bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ oko, ẹ jẹ́ kí á tún wáyà ṣáájì rẹ̀ ṣe

 

Lónìí, a kò ní sọ̀rọ̀ ajílẹ̀, a kò sì ní sọ̀rọ̀ kòkòrò tí ń jẹ ewé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń kó irè oko lọ sí ọjà ni a gbé wá. Ẹ̀fọ́ tí a já ní ìrọ̀lẹ́ kò mọ̀ pé ọkọ̀ kò dáhùn ní ìdájí. Rírọ ni yóò máa rọ ní tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi bàbá àgbẹ̀ kan ní Akóbò ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ní oko ẹ̀fọ́ àti ata ní apá Lálúpọn, ọjà Bódìjà ni wọ́n sì ń tà á sí. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 tí ó ti dàgbà ni wọ́n fi ń kó ẹrù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì bí ẹni ń mu omi, wọ́n lọ ra ẹ́ńjìnnì Toyota tòkunbọ̀, mẹkáníìkì sì bá wọn gbé e sí i. Ọkọ̀ ń sáré, ó lágbára, inú Bàbá dùn. Kò tó oṣù méjì, wàhálà dé. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ ní ìdájí ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ á kàn máa ṣe "tíkì, tíkì". Àwọn ọmọ àdúgbò ni yóò bá wọn tì í.

"Bàbá, bátìrì yín ló ti kú o," ni ọmọkùnrin tí ń ta bátìrì sọ fún wọn.

"Ọmọ mi, ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé láàárín ọdún kan. Ṣé èmi nìkan ni bátìrì ń kú fún ni?"

Bátìrì kọ́ ló jẹ̀bi, wáyà ni. Wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n wọn kò tún ètò ṣáájì ọkọ̀ náà ṣe kí ó lè bá ẹ́ńjìnnì tuntun mu. Àwọn àgbà sì ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹni tí ń ra bátìrì nígbà tí wáyà rẹ̀ kò dára, làpálàpá ni ó ń pa.

A kọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tí ó yẹ kí rẹ́wáyà ṣe sí ọkọ̀ yín, kí ẹ lè dúró tì í, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè. Ẹni tí ó bá mọwọ́ díẹ̀ nínú yín á lè ṣe èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN Ọ̀PỌ̀LỌPỌ̀ WA

Ní ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot ní Kaduna, tí ọkọ̀ náà fi di ti gbogbo ayé ní Nàìjíríà. Ní 1979 ni píkọ́ọ̀pù 504 jáde. Leyland náà ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ní Ìbàdàn níbí nígbà kan rí, Land Rover sì wà lára ohun tí wọ́n ń tò nígbà náà. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí nípọn, wọ́n gba ìyà ọ̀nà oko. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí wọn títí di òní, bí ẹ́ńjìnnì wọn tilẹ̀ ti kú.

Láti ìgbà tí ètò SAP ti dé ní 1986, tí owó náírà sì wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun ti kọjá agbára àgbẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí ìjọba tún yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn mìíràn wá ẹ́ńjìnnì tí kì í mu epo púpọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá dé ọjà Àràròmí ní Géètì á rí ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ oríṣiríṣi.

Kò sí ohun tó burú nínú pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó ti ń mú ẹrù tirẹ̀ wá sílé ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń mú alternator tirẹ̀ dání. Bí ilé kò bá múra sílẹ̀ de ẹrù náà, ìjà ni yóò dá sílẹ̀.

BÍ ṢÁÁJÌ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ wò ó báyìí. Bátìrì ni àmù omi inú ilé. Alternator ni ẹni tí ń pọnmi wá láti odò. Regulator ni ìyá tí ó dúró lẹ́nu àmù, tí ń sọ pé "ó tó" tàbí "ẹ tún bù wá". Wáyà ni ọ̀nà odò. Bí ọ̀nà bá tóóró, bí apọnmi ti lágbára tó, omi kò ní dé ilé bó ṣe yẹ.

Nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, bátìrì ni ó ń fún sítátà ní iná. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn, fáńbẹ́ẹ̀tì á máa yí alternator, alternator á sì máa bọ́ gbogbo ọkọ̀: iná iwájú, waipa, fèrè. Á tún máa dá ohun tí sítátà mu padà sínú bátìrì.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Alternator kì í dá jí. Ó nílò iná díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bátìrì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iná díẹ̀ yìí sì sábà máa ń gba inú gúlóòbù pupa tí ó ní àwòrán bátìrì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí gúlóòbù yẹn bá jó, àwọn alternator kan á sùn lọ pátápátá. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé "iná pupa lásán ni". Ẹ má sì fi gúlóòbù LED rọ́pò rẹ̀, torí iná tí ó ń jẹ́ kí ó kọjá kéré jù. Gúlóòbù àtijọ́ tí ó jẹ́ wọ́ọ̀tì 2 tàbí 3 ni kí ẹ fi sí i.

ÌRAN MẸ́TA

Ètò ṣáájì tí ẹ lè bá nínú ọkọ̀ àtijọ́ pín sí ìran mẹ́ta.

Èkíní ni dáínámò. Òun ni ó wà nínú Land Rover àtijọ́. Dáínámò Lucas C40, fún àpẹẹrẹ, kò mú ju nǹkan bí áńpù 22 jáde. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ohun tí ó ń mú wá kò tó nǹkan. Àpótí regulator rẹ̀ wà lára bọ́dì.

Èkejì ni alternator tí regulator rẹ̀ wà lóde. Ọkọ̀ Valiant tí Chrysler ṣe ní Amẹ́ríkà fún ọdún 1960 wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi alternator sí láti ilé-iṣẹ́, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ 504 tí ó jáde níbẹ̀rẹ̀ wà nínú ìran yìí. Ẹ ó rí àpótí regulator kékeré kan tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ bọ́dì nínú ilé ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ alternator ìran yìí kò ju áńpù 30 sí 50 lọ.

Ẹ̀kẹta ni alternator tí regulator rẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀. Òun ni ó máa ń wà lára ẹ́ńjìnnì Toyota àti Nissan tòkunbọ̀ tí a ń rà. Áńpù 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe nǹkan bàbàrà fún un.

Ìjà tí a ń sọ nìyí: bọ́dì jẹ́ ti ìran kejì, ẹ́ńjìnnì jẹ́ ti ìran kẹta. Bí rẹ́wáyà bá kàn so wáyà àtijọ́ mọ́ alternator tuntun, ìyá méjì ni yóò dúró lẹ́nu àmù kan. Èkíní á ní "ó tó", èkejì á ní "ẹ bù sí i". Bí bátìrì kò bá kú fún ebi, á kú fún àjẹjù.

KÍ Ẹ TÓ BẸ̀RẸ̀

Ẹ kọ́kọ́ tú orí nẹ́gátíìfù bátìrì, kí ẹ gbé e jìnnà. Bí iṣẹ́ bá parí, òun ni kí ẹ dè kẹ́yìn. Ẹni tí sípánà rẹ̀ bá kan pọ́sítíìfù àti bọ́dì pa pọ̀ á rí iná tí kò rò tẹ́lẹ̀.

Ẹ ya wáyà tí ó wà níbẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ fi téèpù tí ẹ kọ nǹkan sí lára dè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà nìkan. Ọwọ́ tí ó ti kan ọkọ̀ tí ó lé ní ogún ọdún kò kéré, pupa lè ti di dúdú ní àárín ọ̀nà.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹ wò ó bóyá pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ bọ́dì. Títí di nǹkan bí ọdún 1967, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn rí. Àwọn alternator tí a ń rí lóde báyìí, nẹ́gátíìfù ni ó gbọ́dọ̀ wà lára bọ́dì. Bí a bá so ó sódì, ìṣẹ́jú kan kò ní pé tí inú rẹ̀ á fi jó. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e fún rẹ́wáyà tí ó mọ bí a ti ń yí gbogbo rẹ̀ padà.

IṢẸ́ NÁÀ, LẸ́SẸẸSẸ

1. Wáyà ilẹ̀. Ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì jókòó lórí rọ́bà, rọ́bà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Nítorí náà, wáyà nípọn kan gbọ́dọ̀ so ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣàsí, òmíràn sì gbọ́dọ̀ so nẹ́gátíìfù bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì tàbí ṣàsí. Tí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì kúrò, wáyà yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé sílẹ̀. Bí kò bá sí, iná sítátà á wá ọ̀nà mìíràn gbà: á gba wáyà asẹ́lérétọ̀ tàbí okùn irin jíà. Bí ẹ bá rí i pé wáyà asẹ́lérétọ̀ ń gbóná, tàbí pé ó ń há nígbà tí ẹ bá ti yí sítátà, ẹ wá wáyà ilẹ̀ lọ. Ẹ ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò títí irin á fi dán, kí ẹ tó de bóòtù rẹ̀, kí ẹ sì fi gíríìsì pa á lórí.

2. Wáyà ńlá. Lẹ́yìn alternator, bóòtù kan wà tí wọ́n kọ B tàbí B+ sí. Láti ibẹ̀ ni iná ti ń lọ sí pọ́sítíìfù bátìrì. Wáyà àtijọ́ kò tó fún un. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀: bí áńpù 60 bá gba inú wáyà 4mm tí ó gùn tó mítà 2, nǹkan bí ìlàjì fóòtì á ti ṣòfò lójú ọ̀nà, wáyà náà á sì gbóná. Nínú wáyà 10mm, kò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún fóòtì lọ. Wáyà 10mm ni kí ẹ lò bí ọ̀nà bá kúrú, kí ẹ gbà èyí tí ó nípọn jù bẹ́ẹ̀ bí ọ̀nà bá gùn. Mm tí a ń wí yìí kì í ṣe ìbú wáyà, bí bàbà inú rẹ̀ ti pọ̀ tó ni. Ẹ má ṣe lo wáyà ilé tí ó jẹ́ ẹyọ bàbà kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ń gbọ̀n, á ṣẹ́. Èyí tí ó ní irun bàbà wẹ́wẹ́ púpọ̀ ni ó dára.

Ẹ fi fíúsì ńlá sí i nítòsí bátìrì. Fún alternator áńpù 60, fíúsì 80 yẹ ẹ́. Ẹ má fi ìṣó tàbí wáyà lásán rọ́pò fíúsì. Ẹ gbé wáyà náà jìnnà sí páìpù èéfín àti sí páìpù epo, kí ẹ sì fi rọ́bà sí ibi tí ó bá ti gba inú ihò irin kọjá.

3. Regulator àtijọ́. Ẹ tú u kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ lára bọ́dì, kò burú, ṣùgbọ́n kí wáyà kankan má ṣe wà lára rẹ̀. Wáyà tí ó ń ti ibẹ̀ lọ sínú alternator àtijọ́, a kò lò ó mọ́. Ẹ gé e, kí ẹ fi téèpù bo orí rẹ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀wẹ̀, wáyà kan wà níbẹ̀ tí ń gba iná nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣí, tí iná rẹ̀ ń kú bí ẹ bá ti kọ́kọ́rọ́. Ẹ fi gúlóòbù ìdánwò wá a. Ẹ pa á mọ́, a máa lò ó.

4. Wáyà kéékèèké. Lára ọ̀pọ̀ alternator Toyota, púlọ́ọ̀gì kan wà tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: IG, S àti L.

IG ni ó ń jí regulator inú. Wáyà tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣí, tí ẹ pa mọ́ yẹn, ni kí ẹ so mọ́ ọn, kí ó gba inú fíúsì kékeré. Ibí ni àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù wà. Àwọn mìíràn á so IG mọ́ wáyà tí ó máa ń ní iná tọ̀sán-tòru. Ọkọ̀ á ṣáájì dáadáa, ẹnikẹ́ni kò ní fura, ṣùgbọ́n regulator kò ní sùn lóru. Bí ó bá ń fa áńpù 1 péré, láti aago méje alẹ́ ọjọ́ Ẹtì dé aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ajé jẹ́ wákàtí 58. Bátìrì áńpù 60 ti gbẹ tán nìyẹn.

S ni ojú tí regulator fi ń wo àmù. Ẹ so ó tààrà mọ́ pọ́sítíìfù bátìrì, pẹ̀lú fíúsì kékeré. Bí ó bá já, regulator á máa rò pé àmù kò kún, ó sì lè máa bù sí i títí omi bátìrì á fi máa hó.

L ni ti iná pupa. Wáyà láti L á lọ sí ẹsẹ̀ kan gúlóòbù, ẹsẹ̀ kejì gúlóòbù á sì gba iná láti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ẹ má so L mọ́ iná tààrà láìsí gúlóòbù láàárín. Ó lè jó regulator. Nínú àwọn alternator kan sì rèé, iná á máa gba ẹ̀yìn padà wá sọ́dọ̀ kọ́íìlì, ẹ ó ti kọ́kọ́rọ́ tán, ẹ́ńjìnnì á ṣì máa yí.

Nissan púpọ̀ kò ní IG, L àti S nìkan ni wọ́n ní. Bosch sábà máa ń ní D+ nìkan fún gúlóòbù. Ohun tí wọ́n kọ sára alternator ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tí a rántí lára ọkọ̀ ẹlòmíràn.

5. Àmítà. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan ní àmítà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí gbogbo iná ṣáájì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tí a ṣe fún áńpù 30 kò lè gba 60. Á gbóná, á sì lè dáná sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ tú wáyà méjèèjì kúrò lára rẹ̀, kí ẹ de wọ́n pọ̀ dáadáa pẹ̀lú bóòtù, kí ẹ sì fi rọ́bà bò ó. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ẹ ó máa wò, ẹ fi mítà fóòtì sí i. Wáyà tín-ín-rín ni òun ń lò, ó sì ń sọ òtítọ́ jù.

6. Fáńbẹ́ẹ̀tì. Ojú ibi tí fáńbẹ́ẹ̀tì ń gbà lára alternator àti lára ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gún régé. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀, kí ó wọlé tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1. Bí ó bá dẹ̀ jù, á máa yọ̀, á máa ké bí ẹyẹ. Bí ó bá le jù, á ba bíárìnì alternator jẹ́.

7. Fún ẹni tí ó gbé ẹ́ńjìnnì dísù sí i. Ẹ wo ẹ̀yìn alternator dísù náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní pọ́ńpù kékeré kan lẹ́yìn tí ń fa afẹ́fẹ́ fún bíréèkì, páìpù ọ́ìlì sì wà lára rẹ̀. Bí alternator yẹn bá bàjẹ́, tí wọ́n sì fi ti bẹntiróòlù rọ́pò rẹ̀ nítorí owó, ọkọ̀ á ṣáájì, ṣùgbọ́n bíréèkì á le bí òkúta. Ọkọ̀ tí ó ru ẹ̀gẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí bíréèkì rẹ̀ le bẹ́ẹ̀, ikú ni.

ÌDÁNWÒ

Mítà kékeré tí àwọn rẹ́wáyà ń lò kò wọ́n. Àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin lè dá owó jọ ra ọ̀kan. Ohun tí ẹ ó máa wò nìyí:

Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́: bátìrì tí ó kún á fi nǹkan bí fóòtì 12.6 hàn. Bí ó bá jẹ́ 12.0 tàbí kí ó kéré sí i, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì yí sítátà: iná pupa gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, gúlóòbù ti jó tàbí wáyà L ti já.

Ẹ́ńjìnnì dáhùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀: iná pupa gbọ́dọ̀ kú pátápátá. Mítà lórí bátìrì á wà láàárín 13.8 sí 14.4. Bí iná pupa bá ń tàn fírífírí, kò tíì dára, ó lè jẹ́ dáyóòdù inú alternator tàbí ibi tí wáyà kò ti dè dáadáa.

Ẹ tan iná iwájú àti waipa: mítà kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 13.5 lọ nígbà tí ẹ bá tẹ ẹ́ńjìnnì díẹ̀.

Bí ó bá kọjá 15: ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bátìrì ń jẹ àjẹjù. Ẹ wo wáyà S àti regulator.

Bí gbogbo iná bá ṣì wà ní títàn, ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan kan bóòtù B, kí ẹ fi èkejì kan pọ́sítíìfù bátìrì. Bí ó bá ju 0.3 lọ, wáyà ńlá kò tó tàbí orí rẹ̀ dọ̀tí. Ẹ tún fi ẹsẹ̀ kan kan ara alternator, èkejì kan nẹ́gátíìfù bátìrì. Bí ó bá ju 0.2 lọ, wáyà ilẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe.

Ìdánwò ìkẹyìn kò gba mítà. Ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú, ẹ fi ọwọ́ kan alternator. Bí ó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, nǹkan kan ń mu iná lóru.

ÀṢÀ TÍ Ó YẸ KÁ FI SÍLẸ̀

Ẹ ti rí mẹkáníìkì tí ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá alternator ń ṣáájì, tí ó wá tú orí bátìrì kúrò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí. "Ẹ wò ó, kò kú. Alternator yín dáa!" Dáínámò ni a máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí láyé ọjọ́un. Bátìrì ni ó ń gba iná tí alternator ń mú jáde. Bí ẹ bá yọ ọ́ lójijì, fóòtì á fò sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá, á sì pa dáyóòdù àti regulator. Alternator tí ó dára ní òwúrọ̀ á ti bàjẹ́ ní ọ̀sán, ẹni tí ó bà á jẹ́ á sì tún gba owó láti tún un ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá na sípánà sí orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bákan náà, bí wẹ́dà bá fẹ́ jó irin mọ́ ṣàsí yín, kí ó tú bátìrì àti alternator kúrò lórí wáyà ná.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Píkọ́ọ̀pù oko kì í ṣàìní kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù fún pọ́ńpù omi lẹ́yìn. Wáyà tí ó gbóná pẹ̀lú epo kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ gbé ohun ìpaná sínú ọkọ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé iyanrìn ni a ń dà sí iná epo bí kò bá sí i. Omi á kàn tàn án káàkiri ni.

Ẹ má sì gbàgbé ìwé ọkọ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀. Ẹ pa rìsíìtì ẹ́ńjìnnì tuntun mọ́, kí ẹ lọ tún nọ́ńbà náà ṣe ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ọkọ̀, kí wọ́n má baà dá yín dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀fọ́ lẹ́yìn.

BÍ Ọ̀RỌ̀ BÀBÁ ṢE PARÍ

Rẹ́wáyà tí ó mọṣẹ́ wo ọkọ̀ Bàbá, ó rí nǹkan mẹ́ta. Wáyà IG wà lórí iná tọ̀sán-tòru. Wáyà ilẹ̀ láti ẹ́ńjìnnì sí ṣàsí kò sí níbẹ̀ rárá. Wáyà ńlá sì jẹ́ ti àtijọ́, bo rẹ̀ ti ń yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù èéfín.

"Bàbá, ẹ dúpẹ́ o. Wáyà yìí ì bá ti dáná."

"Ọ̀gá rẹ́wáyà, èmi ń rojọ́ bátìrì, mi ò mọ̀ pé ilé ló ń jó lọ."

Ààbọ̀ ọjọ́ ni iṣẹ́ náà gbà. Owó wáyà, fíúsì àti iṣẹ́ kò tó owó bátìrì tuntun kan. Bátìrì kẹta tí wọ́n ti fẹ́ gbé jù nù, wọ́n ṣáájì rẹ̀ kún, ó sì tún ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí ẹ bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rí, ẹ má dúró dìgbà tí ọkọ̀ á kọ̀. Ẹ ṣí ilé ẹ́ńjìnnì lọ́la, kí ẹ wo mẹ́ta yìí: wáyà ilẹ̀, wáyà ńlá, regulator àtijọ́. Bí ohunkóhun bá rú yín lójú, ẹ bi òṣìṣẹ́ wa tí ń mú ìmọ̀ràn wá bá yín lóko, á bá yín wá rẹ́wáyà tí ó mọ̀ ọ́n.

Irè oko á dé ọjà, owó rẹ̀ á sì dé ilé.